Àárẹ̀ Kì í Mú Òkò

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ mi. Àgbàdo tó wà lórí ẹyin iná yẹn kò ní pẹ́ jinná, kí ẹni tó sún mọ́ ọn jù máa bá wa yí i. Alẹ́ òní kì í ṣe ti Ìjàpá. Ohun ìyanu ni mo fẹ́ sọ fún yín, ìyanu tó jẹ́ òótọ́, tí ẹ̀yin fúnra yín á dán wò kí iná yìí tó kú.

Lọ́sàn-án òní, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé nígbà tí ẹ ń fi òkúta já máńgòrò. Ọ̀kan nínú yín ju tirẹ̀ sókè gangan. Kò kan èso, kò kan ewé. Òkúta náà lọ, ó lọ, ó dúró, ó sì padà wá balẹ̀ gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ló dé tí òkúta náà fi padà. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni." Mi ò bá a wí, torí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé àtijọ́ náà rò ó bẹ́ẹ̀. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì, kọ́ni pé ohun tí a bá jù kò lè máa lọ àfi tí nǹkan kan bá ń tì í. Ó ní afẹ́fẹ́ ló ń tì í lẹ́yìn. Àwọn kan tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní ọwọ́ ẹni tó ju òkúta ló fi agbára díẹ̀ sínú rẹ̀, pé agbára náà á máa jó lọ bí epo inú fìtílà títí á fi tán. Ó lé ní 1,800 ọdún tí ọ̀rọ̀ fi wà bẹ́ẹ̀ kí ẹnì kan tó jókòó tì í, kó sì wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí èdè wa wí. Òkúta tó wà nílẹ̀, òkúta ni. Bó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ, ó ti di òkò. Bó bá balẹ̀, ó tún padà di òkúta. Èkùrọ́, igi, èèpo àgbọn, ohunkóhun tí a bá jù, òkò ni níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lójú afẹ́fẹ́. Àwọn baba wa rí i pé ohun tó wà lẹ́nu ìrìn láàárín ọwọ́ àti ilẹ̀ yẹ kó ní orúkọ tirẹ̀. Ìrìn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wa lálẹ́ yìí.

Ẹ mọ ìṣákọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ó ní ohun tó ń san fún un. Òkò náà ń san ìṣákọ́lẹ̀. Gbàrà tó bá ti fi ọwọ́ sílẹ̀ ni ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, eré tó ń sá ló sì ń gbà. Ọwọ́ tí ilẹ̀ fi ń gbà á yìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní òòfà ilẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní òkò yín fi ọwọ́ sílẹ̀ tó ń sá eré 20 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lókè gangan ló sì kọjú sí. Ìṣẹ́jú àáyá kan kò gùn ju kí àyà èèyàn lù lẹ́ẹ̀kan lọ. Iye tí ilẹ̀ ń gbà nínú eré náà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 9.8, kí ìṣirò má baà fún wa lọ́rùn, ẹ jẹ́ ká pè é ní 10. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kìíní, 20 ti di 10. Lẹ́yìn ìkejì, 10 ti di òfo. Àpò ti gbẹ. Òkò náà dúró lókè níbi tó ga tó 20 mítà, bí orí ilé alájà mẹ́fà, ìdúró tí kò tó ìpajú.

Ibi tó dúró sí yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé bí òkò ti dúró, ilẹ̀ náà jáwọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ilẹ̀ kò jáwọ́ rárá. Bó ti ń fà á nígbà tó ń gòkè ló ń fà á nígbà tó dúró, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń fà á nígbà tó ń bọ̀. Òfo ni eré rẹ̀ jẹ́ lókè ibẹ̀, àmọ́ òòfà kò dín ní nǹkan kan. Nígbà tí kò sì sí eré ìgòkè kankan mọ́ láti gbà, ilẹ̀ á wá máa fún un ní eré ìsọ̀kalẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kan, ó di 10. Ìṣẹ́jú àáyá kejì, ó di 20. Bí a bá yọ ti afẹ́fẹ́ kúrò, òkò dé ọwọ́ ẹni tó jù ú pẹ̀lú eré 20 tó gbé kúrò níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Onílẹ̀ wo lẹ tún ti gbọ́ pé ó gba ìṣákọ́lẹ̀ tán, tó wá dá gbogbo rẹ̀ padà láìku kọ́bọ̀?

Torí náà, ẹ má sọ mọ́ pé ó rẹ òkò. Ẹni tí àárẹ̀ mú kì í sáré wọlé bó ṣe sáré jáde.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń bi ara yín lọ́hùn-ún: ta ló wọ̀n ọ́n, báwo ló ṣe wọ̀n ọ́n? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹni náà ni Galileo, tí wọ́n bí ní ìlú Pisa nílẹ̀ Ítálì lọ́dún 1564. Láti 1592 títí di 1610 ló fi jẹ́ olùkọ́ ní Padua. Wàhálà tó dojú kọ ọ́ ni pé ohun tó ń já bọ́ máa ń yára jù. Kò sí aago ọwọ́ nígbà náà, kò sí aago kankan tó lè ka ìdajì ìṣẹ́jú àáyá fún un. Kí ló ṣe? Ó ní bí òun kò bá lè mú aago yá, òun á mú ìṣubú falẹ̀. Ó wá pákó kan tó gùn gan-an, tó tó ìgbọ̀nwọ́ méjìlá, ó gbẹ́ ojú ọ̀nà tóóró sí i láàárín, ó dán an, ó sì tẹ́ awọ tí ń dán sínú rẹ̀. Ó gbé orí pákó náà sókè díẹ̀, ó wá jẹ́ kí ọta idẹ roboto kan máa yí bọ̀ láti òkè.

Láti mọ àkókò, omi ló lò. Ó gbé ìkòkò omi ńlá kan sókè, ó fi ọ̀pá tínrín kan sí ìdí rẹ̀, omi ń ṣàn lọ sínú ife. Bí ọta bá gbéra, ó ṣí omi. Bí ọta bá dé ibi tó fẹ́, ó dí i. Ó wá gbé omi inú ife sórí òṣùwọ̀n. Omi tó wúwo jù, àkókò tó gùn jù. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ṣe é tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ẹ fojú inú wo sùúrù rẹ̀, kí ọta máa yí, kí omi máa ṣàn, kí èèyàn máa wọn ife, nígbà ọgọ́rùn-ún!

Ohun tó rí ni pé bí ọta náà bá rin ìwọ̀n kan ní àkókò kìíní, á rin mẹ́ta ní ìkejì, márùn-ún ní ìkẹta, méje ní ìkẹrin. Ọ̀kan, mẹ́ta, márùn-ún, méje. Ta ló kọ́ ọta idẹ ní òǹkà? Ẹ wá rò wọ́n pọ̀: ọ̀kan, ọ̀kan àti mẹ́ta jẹ́ mẹ́rin, fi márùn-ún kún un, mẹ́sàn-án, fi méje kún un, mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀yin tó ti ń kọ́ ìṣirò nílé ìwé mọ̀ pé ọ̀kan lọ́nà ọ̀kan, méjì lọ́nà méjì, mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin nìyẹn. Ẹ fi wo òkò wa tó ń padà bọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kìíní, ó já bọ́ ní 5 mítà. Ìkejì, 15, tí í ṣe ìlọ́po mẹ́ta. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20, bó ṣe ga tó gẹ́lẹ́ níbi tó ti dúró.

Ó yá, ẹ bá mi mú èkùrọ́ méjì wá níbẹ̀ yẹn, àwọn tí kò tóbi jura wọn lọ. Gbogbo yín, ẹ pa ẹnu mọ́, etí la máa lò. Ẹ wò mí. Mo gbé ọ̀kan sí etí àga yìí gan-an. Mo mú èkejì dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí gíga àwọn méjèèjì bára mu. Nígbà tí mo bá ka ẹẹ́ta, màá fi ìka ta èyí tó wà lórí àga kó fò lọ síwájú, lẹ́sẹ̀ kan náà ni màá sì tú èyí tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀ kó já bọ́ lásán. Èwo ni yóò kọ́kọ́ balẹ̀? Ẹ̀yin tó ní èyí tó já bọ́ lásán ni, torí ọ̀nà tirẹ̀ kúrú, ẹ nawọ́. Ó dáa. Ọ̀kan, méjì, ẹẹ́ta.

Kò!

Ẹ gbọ́ ọ? Ìró ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, kí n ta á le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀kan, méjì, ẹẹ́ta. Kò! Èyí àkọ́kọ́ dé ibi tí ajá sùn sí, èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, síbẹ̀ ìró kan náà la gbọ́.

Ìyanu kejì nìyí, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Òkò tí a bá jù síwájú ní àpò méjì lára. Àpò kan wà fún lílọ síwájú, àpò kejì wà fún gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀. Àpò kejì yìí nìkan ni ilẹ̀ ń na ọwọ́ sí. Kò fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fi 10 síbẹ̀, 10 ni yóò wà níbẹ̀ títí òkò fi kanlẹ̀. Èkùrọ́ tí mo ta kò gbàgbé láti já bọ́ nítorí pé ó ń lọ síwájú, kò sì gbàgbé láti lọ síwájú nítorí pé ó ń já bọ́. Ìrìn méjì nínú ara kan, ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1608, Galileo mú ọta kan yí kúrò lórí tábìlì báyìí, ó sì wọn ibi tó balẹ̀ sí. Abala ìwé tó kọ iye rẹ̀ sí ṣì wà nílùú Florence di òní.

Ìdí nìyí tí ojú ọ̀nà òkò fi máa ń tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun ọdẹ. Síwájú, ìṣísẹ̀ rẹ̀ dọ́gba: ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan. Sísàlẹ̀, ọ̀kan, mẹ́ta, márùn-ún, méje. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ẹ ó rí i pé ojú ọ̀nà náà á kọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, á wá máa tẹ̀, á máa tẹ̀ sí i. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé òkò tí a jù síwájú àti sókè kì í dúró lókè bíi ti èyí tí a jù sókè gangan. Níbi tó ga jù, àpò ìgòkè rẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n àpò ìlọsíwájú ṣì kún. Ibẹ̀ ni eré rẹ̀ ti kéré jù, kò sì tíì di òfo.

Ìwọ lo ń béèrè pé bí ọ̀kan bá wúwo ju èkejì ńkọ́? Ilẹ̀ kì í wo ẹni tó sanra tàbí ẹni tó rù. Iye kan náà ló ń gbà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Afẹ́fẹ́ ló ń tàn wá jẹ. Òun náà ní ohun tirẹ̀ tó ń yọ lójú ọ̀nà, òun ló jẹ́ kí ewé máa rọra fò bọ̀ tí òkúta ń já lulẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1971, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ David Scott dúró sórí òṣùpá, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Ó mú òòlù dání lọ́wọ́ kan, ó mú ìyẹ́ àṣá dání lọ́wọ́ kejì, ó tú méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹ́ àti òòlù, wọ́n balẹ̀ pọ̀.

Ẹ bù fún mi nínú àgbàdo yẹn. Ẹ ṣeun. Ìtàn kan wà tó yẹ kí ẹ gbọ́ kí n tó lọ síwájú, torí ìmọ̀ òkò kò mọ sí ti máńgòrò nìkan.

Lọ́dún 1512, àwọn ọmọ ogun Faransé ya wọ ìlú Brescia ní Ítálì. Ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Niccolò sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Wọ́n bá wọn níbẹ̀. Sójà kan fi idà ṣá ọmọ náà lójú, ó gé e dé párì àti àjà ẹnu. Ìyá rẹ̀ kò lówó dókítà, òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ ojú egbò náà títí ó fi jinná. Ọmọ yè, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Tartaglia, ìyẹn Akólòlò. Ó gba orúkọ náà, ó sì fi kọ ìwé.

Nígbà tó dàgbà tó di onímọ̀ ìṣirò, ẹnì kan tó ń yin àgbá bi í ní Verona lọ́dún 1531 pé báwo ni kí òun ṣe gbé ẹnu àgbá sókè kí ọta tó lè lọ jìnnà jù. Ẹ rò ó pẹ̀lú àpò méjì wa. Bí ẹ bá dorí àgbá kọ iwájú jù, àpò ìlọsíwájú kún, àpò ìgòkè ṣófo, òkò á yára kanlẹ̀. Bí ẹ bá dorí rẹ̀ kọ òkè jù, ó pẹ́ lókè lóòótọ́, àmọ́ kò rìn síwájú. Tartaglia dáhùn pé agbedeméjì ni, láàárín ilẹ̀ tẹ́jú àti òkè gangan, tí í ṣe dígírì 45. Òótọ́ sì ni, bí a bá yọ ti afẹ́fẹ́ kúrò.

Inú rẹ̀ ì bá dùn. Àmọ́ ó jókòó, ó ronú, ó rí i pé ohun tí òun ń kọ́ àwọn èèyàn ni bí wọ́n ṣe máa pa ọmọnìkejì wọn láti ọ̀nà jíjìn. Ọkùnrin tí wọ́n ṣá lójú ní kékeré dáná sun gbogbo ìṣirò tó ti kọ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà tí ogun àwọn Tọ́kì ń bọ̀ wá bá ilẹ̀ wọn ló tó gbà láti tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀, ní Venice lọ́dún 1537. Mi ò ní bá a ṣẹjọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ ni pé ó dúró, ó sì bi ara rẹ̀ léèrè. Àwọn àgbà ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Nígbà tí ẹ bá dàgbà, tí ẹ rí ẹni tó ń yin ọta ìbọn sójú sánmà níbi ayẹyẹ, ẹ sọ fún un pé sánmà kì í gba nǹkan pamọ́. Afẹ́fẹ́ á gbà nínú eré ọta náà, kò ní padà pẹ̀lú gbogbo èyí tó gbé lọ, ṣùgbọ́n èyí tó kù tó láti pa ọmọ ọlọ́mọ.

Galileo ló wá parí ọ̀rọ̀ ìrìn òkò. Arúgbó ni nígbà náà, wọ́n ti sé e mọ́lé láti 1633 nítorí ohun tó sọ nípa oòrùn àti ayé. Ìwé tó kọ nípa òkò jáde ní Leiden, ní Họ́láǹdì, lọ́dún 1638. Kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́.

Ó ku ìyanu ìkẹyìn. Ẹ gbójú sókè, ẹ wo òṣùpá.

Newton, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ro ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ká ní ẹnì kan gun òkè tó ga fíofío, tó yin àgbá síwájú láti ibẹ̀. Ọta lọ díẹ̀, ó balẹ̀. Ó fi agbára kún un, ọta lọ jìnnà, ó balẹ̀. Ṣùgbọ́n ayé rí roboto. Bí èèyàn bá rin nǹkan bí 8 kìlómítà lọ síwájú ní tààrà, ilẹ̀ ti tẹ̀ sísàlẹ̀ ní nǹkan bíi 5 mítà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ sì rántí pé 5 mítà ni òkò ń já bọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kìíní. Bí ọta bá wá ń sá eré 8 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí afẹ́fẹ́ kò sì dí i, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Yóò já bọ́ ní 5 mítà, ilẹ̀ náà á sì tẹ̀ ní 5 mítà. Á máa ṣubú, kò ní kanlẹ̀ láé.

Bí sátẹ́láìtì ṣe ń wà lókè nìyẹn. NigeriaSat-1 tiwa, tí wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé lọ láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, òkò ni. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń gbé e dúró sókè. Ó ń ṣubú, ilẹ̀ ń tẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Òṣùpá yẹn náà, òkò ni. Ó jìnnà sí àárín ayé ní ìlọ́po ọgọ́ta bí àwa ṣe jìnnà sí i, torí náà ọwọ́ òòfà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò le tó tiwa. Newton ṣírò rẹ̀, ó rí i pé ohun tí òkúta ń já bọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ́dọ̀ wa níbí, ìṣẹ́jú kan gbáko ni òṣùpá fi ń já bọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló fa òkúta máńgòrò, òun náà ló fa òṣùpá. Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ni ọwọ́ náà ti ń fà á ṣáá, ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbà nínú eré rẹ̀, kò sì fi kún un. Ojú ibi tó kọ sí ló ń yí, lálaalẹ́.

Ẹ wò ó dáadáa. Láàárín ìṣẹ́jú kan tí mo fi sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yìí, ó ti já bọ́ sọ́dọ̀ wa ní nǹkan bíi 5 mítà kúrò lójú ọ̀nà tààrà tí ì bá gbà lọ. Ó ti ń já bọ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí baba ńlá mi. Kò sì tíì rẹ̀ ẹ́.